Ike Kì í Ṣe Irin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan tí kò gùn tó bàtà mi ló jẹ́ kí n mọ ohun tí ó ń sọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Gàmbàrí, nílùú Ìlọrin, ni ẹ̀kọ́ náà ti bá mi.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé ìlú wa, Gàmbàrí jẹ́ ọ̀kan nínú agbègbè mẹ́rin tí ó wà lábẹ́ àwọn balógun ìlú. Àwọn mẹ́ta yòókù ni Fúlàní, Àlánamú àti Àjíkọ̀bí. Gàmbàrí ni Yorùbá ń pe Hausa, àwọn Hausa tí wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀ láyé àtijọ́ ni a sì fi orúkọ náà rántí. Lónìí, Yorùbá ni ẹ óò gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ọmọ wọn. Agbègbè yìí ni bàbá mi ti kun ọkọ̀ fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún. Nígbà tí ara kò gbé e mọ́, ó fa ibi iṣẹ́ lé àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kọjá, yóò wò ó títí yóò fi pòórá, lẹ́yìn náà yóò ní, “Ẹni tó kun ìyẹn kò ní sùúrù.” Ó parí.

Nígbà ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ kan, àbúrò mi tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà wá kí wa, ó sì mú páálí kan lọ́wọ́. Ike funfun ni ó kún inú rẹ̀, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ẹyọ, wọ́n so mọ́ ara wọn bí èso lórí ẹ̀ka. Bí a bá tò wọ́n, tí a sì kùn wọ́n, wọn yóò di Pontiac GTO ti ọdún 1966, tí a sọ di ìdá kan nínú ìdá 25 ọkọ̀ gidi. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 21 lọ. Bàbá wo àwòrán ara páálí náà, ó ní, “Ṣé Pijó ni wọ́n yà síbẹ̀ yìí?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe Pijó.

Ní ọdún 1964 ni Pontiac gbé ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ńlá, tí ó tó lítà 6.4, sínú ọkọ̀ tí ara rẹ̀ mọ níwọ̀n. Òfin General Motors, ilé-iṣẹ́ tí ó ni Pontiac, kò gbà kí ọkọ̀ tí ó mọ bẹ́ẹ̀ gbé ẹ́ńjìnì tí ó ju nǹkan bíi lítà 5.4 lọ. Wọ́n wá ta á bí àfikún tí oníbàárà lè béèrè fún bí ó bá wù ú. Ohun tí ó lé ní 32,000 ni wọ́n tà lọ́dún náà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1966, iye rẹ̀ ti lé ní 96,000. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní muscle car. Mo gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀: ọkọ̀ oníṣan. Etí kò gbà á. Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ara rẹ̀ kò tóbi, agbára rẹ̀ pọ̀. Abarapá ni ìyẹn.” N kò tún wá ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Bí Yorùbá ṣe ń sọ ọkọ̀ lórúkọ nìyẹn: a wo Volkswagen, a rí igbá ẹ̀yìn rẹ̀, a pè é ní ìjàpá, a wọ Mercedes tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ nínú rẹ̀, a ní ọyẹ́ ló mú wa, a pè é ní Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́.

Kí ẹ má rò pé irú iṣẹ́ yìí ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, agolo mílíìkì ni ara ọkọ̀ wa, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rọ́bà tí ó ti gbó ni táyà, pòròpórò ọkà bàbà ni ọ̀pá tí a fi ń tì í. Èyí tí bàbá mi bá mi ṣe ní ọ̀dà lára, nítorí pé ìyókù ọ̀dà oníbàárà kì í wọ́n nílé akunkọ̀. Mo rò pé ohun tí mo ń wá gan-an nínú páálí náà nìyí: mo fẹ́ rí i kí bàbá mi tún mú ọ̀dà lọ́wọ́.

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Èmi ni mo ń fi ẹ̀mú kékeré mú àwọn ike náà, Bàbá ni ó ń sọ ibi tí kálukú ń lọ kí n tó wo ìwé. Bí mo ṣe to kábúrétọ̀ mẹ́ta sórí ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo, ó lanu. “Mẹ́ta! Àkànbí, ẹ́ńjìnì 504 kò ju lítà méjì lọ, kábúrétọ̀ kan sì tó o. Ta ni yóò máa ra epo fún eléyìí?”

Ìbéèrè náà bọ́ síbi tí ó yẹ. Òfin èéfín àti owó adójútòfò ti ń dà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láàmú tẹ́lẹ̀, kí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tí ń ta epo tó dáwọ́ epo dúró fún Amẹ́ríkà ní oṣù kẹwàá ọdún 1973. Àgbá epo kan tí wọ́n ń tà ní nǹkan bíi dọ́là 3 fò dé nǹkan bíi dọ́là 12 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1974. Ọdún 1974 náà ni Pontiac dáwọ́ GTO dúró. Ṣùgbọ́n owó epo kan náà ló kún àpò ìjọba Nàìjíríà. Ní ọdún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Pijó ní Kàdúná, wọ́n sì ń to Volkswagen ní Èkó. Epo tí ó lé abarapá kúrò lójú títì Amẹ́ríkà ló gbé Pijó dé ojú títì wa, ara Pijó sì ni bàbá mi ti kọ́ṣẹ́. Ike tí ó wà lọ́wọ́ wa pàápàá, ọmọ epo rọ̀bì ni. Nígbà tí mo sọ èyí fún Bàbá, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà kejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ tí a fẹ́ kun ara ọkọ̀ náà dé. Bàbá ti ránṣẹ́ sí ibi iṣẹ́, wọ́n ti gbé ìbọn ọ̀dà kékeré àti kọ̀mpírẹ́sọ̀ wá, pẹ̀lú ìyókù ọ̀dà pupa tí wọ́n fi kun ọkọ̀ ẹnìkan. Ó wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà dìde. Ó po ọ̀dà pọ̀ mọ́ tínà, ó gbé e sókè, ó wò ó bí ó ṣe ń sẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀. Ojú tí mo mọ̀ nígbà èwe mi ni.

Ìwé ìtọ́sọ́nà wà lọ́wọ́ mi. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ọ̀dà tí a ṣe fún irú ike yìí nìkan ni kí a lò. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní lọ́kàn mi pé, ẹni tí ó ti kun ọkọ̀ fún ogójì ọdún, ta ni èmi tí n óò kọ́ ọ ní iṣẹ́ rẹ̀? Mo ká ìwé náà, mo fi í sápò.

Bàbá fín in bí ẹní ń fín Pijó, ọ̀dà náà rin, ó sì ń dán. Kò pẹ́ tí òrùlé ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣùjọ. Ó kọ́kọ́ rọ̀, ó wá sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ àbàtà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú. Bàbá gbé ìbọn sílẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, “Ọwọ́ mi ti kúrò níbẹ̀.” Ó dìde, ó lọ kírun Àsárì, kò sì padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ rárá. Tínà tí a fi ń po ọ̀dà ọkọ̀ kò lè fi irin ṣe nǹkan kan; yóò gbẹ sínú afẹ́fẹ́, ọ̀dà yóò sì kù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan irú ike yìí, yóò jẹ ẹ́. Kò sí ohun èlò tí kò ní èèwọ̀ tirẹ̀. Àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dàda, ní Òkè-Lélé, mọ̀ pé ìkòkò tí kò tíì gbẹ dénú kò gbọdọ̀ rí iná. Bàbá mi mọ èèwọ̀ irin ju ẹnikẹ́ni lọ. Ti ike ni ẹnikẹ́ni kò sọ fún un, èmi tí mo sì mọ̀ ọ́n, mo dákẹ́.

N kò lè sùn. Mo lọ bá a ní yàrá. “Bàbá, ìwé náà sọ ọ́. Mo kà á, n kò sọ fún yín.”

Ó pẹ́ kí ó tó fèsì. “Kí ló dé tí o kò sọ?”

“Mo ń bọ̀wọ̀ fún yín ni.”

“Ọ̀wọ̀ kọ́ nìyẹn, Àkànbí. Ẹni tó rí kòtò níwájú bàbá rẹ̀ tó dákẹ́, ṣé ọ̀wọ̀ ló ṣe yẹn?” Lẹ́yìn náà ó jókòó dáadáa. “Lọ mú ìwé náà wá. Kà á fún mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Yorùbá ni kí o fi kà á.”

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé mo máa ń fọ́nnu pé kò sí ohun tí Yorùbá kò lè sọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìlà kejì ni mo ti kọsẹ̀. Kí ni n óò pe ẹ̀ka ike tí àwọn ẹyọ náà so mọ́? Mo ń ṣàlàyé, mo ń fọwọ́ júwe, Bàbá dá mi dúró. “Ìwọ́ ni. Ohun tó sì ṣẹ́ kù lára ọmọ lẹ́yìn tí a gé ìwọ́, ìdodo ni. Gé ìwọ́ rẹ̀, kí o lọ ìdodo rẹ̀.” Mo ka ti oje tí a fi ń so ike pọ̀, pé kì í lẹ̀ ẹ́ bíi gọ́ọ̀mù, ńṣe ló ń yọ́ ẹnu méjèèjì kí wọ́n lè wọ inú ara wọn. Ó ní, “Iṣẹ́ wẹ́dà nìyẹn. Jó o pọ̀.” Ó dákẹ́. “Bí oje bá ń yọ́ ọ, tínà náà yóò yọ́ ọ.” Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, kí n tó dé ìlà tí ó wà. Nígbà tí mo dé ibi tí a ti ní kí á kọ́kọ́ fín ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, kí á dúró kó gbẹ, kí á tún fín in, ó mi orí. “Ìrì ni kí a fín. Èmi fín òjò.”

Lọ́jọ́ kejì, a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ òrùlé náà. Ìtàn ẹnu sọ pé ọdẹ kan tí ń jẹ́ Òjó Ìsẹ̀kúsẹ̀ a máa pọ́n irin rẹ̀ lára òkúta kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè ní ìlọ irin, tí ó di Ìlọrin. Àwa ń lọ ike. Sáńpépà 600 la fi bẹ̀rẹ̀, a fi pútì díẹ̀ dí àwọn ojú sísán, a sì fi 1000 àti omi parí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó gbà. Lẹ́yìn náà ni mo wá práímà tí ó bá ike mu, tí àwa ń pè ní àkọ́kùn báyìí, Bàbá sì fín in. Ìrì mẹ́rin ni, ó ń dúró láàárín wọn. Lẹ́yìn àkọ́kùn ni pupa tẹ̀lé e, ìrì ni òun náà.

Ọkọ̀ náà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù wa. Bí ẹ bá gbé e sínú oòrùn, ẹ óò rí ìlà tín-ín-rín kan lórí òrùlé rẹ̀ tí pútì kò bò tán. Mo ní kí á tún un ṣe. Bàbá ní kí n fi í sílẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ máa ń yà wò ó, ìlà náà ni ó sì kọ́kọ́ máa ń fi hàn wọ́n. Yóò ní, “Ẹ wò ó. Ike kì í ṣe irin,” yóò sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé, tí kò ní tán bọ̀rọ̀. Wọ́n ní òun ló ń jẹ́ kí àwọn fura báyìí bí bọ́m̀pà oníke bá dé ọwọ́ àwọn.

Mo ti da ìwé ìtọ́sọ́nà náà kọ ní Yorùbá, ojú ìwé méjì péré ni. Ó lé ní ìdajì nínú àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí ó jẹ́ ti bàbá mi. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè wa, mo bẹ̀ yín, bí ọ̀rọ̀ kan bá há sí yín lọ́fun, ẹ má kàn jókòó ti ìwé atúmọ̀ èdè. Ẹ lọ bá ẹni tí ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ náà, kí ẹ ka ohun tí ẹ mọ̀ fún un, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí yóò pè é. Bí ẹ bá sì rí kòtò níwájú rẹ̀, ẹ sọ fún un.