Kálípà Pupa

Ẹ̀yin ará mi, díẹ̀ báyìí ló kù kí fáàrí sọ mí di apààyàn. Kálípà Brembo pupa ni mò ń tọ́jú owó fún, kí n fi sí Corolla tí mo fi ń ṣe kábúkábú. Lọ́jọ́ òjò kan, mo tẹ bíréèkì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mọ́tò ń yọ̀ lọ! Orí ló yọ ọmọ tó ń kiri ẹ̀pà.

Ọ̀gá mẹkáníìkì ní, "Ọmọ mi, kálípà rẹ ò jẹ̀bi. Ó ti mú ẹsẹ̀ ọkọ̀ dúró; táyà tó dán bí orí apárí ni ò lè di ilẹ̀ mú. Àwọn tó ń sáré ìje, tí bíréèkì wọn ń gbóná léraléra, ló nílò kálípà ńlá."

Táyà tuntun àti páàdì gidi ni mo fowó náà rà. Kò sẹ́ni tó ń yẹ́ mi sí. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹlẹ́pà ṣì ń kiri.