Ẹ̀lú ìlú Tokushima: Ó ń pa aṣọ láró, ó ń wo ọgbẹ́ ìfun, ṣùgbọ́n ewu ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀

Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì ní ìlú Kobe, lórílẹ̀-èdè Japan, tó sì forí lé gúúsù, afárá Akashi Kaikyo ni yóò kọ́kọ́ gbà. Ọdún 1998 ni wọ́n ṣí afárá náà, gígùn rẹ̀ lórí òkun sì fi díẹ̀ dín ní kìlómítà 4. Bọ́ọ̀sì yóò la erékùṣù Awaji kọjá, yóò tún gun afárá mìíràn ní Naruto, níbi tí omi òkun ti máa ń pòyì bí ọkà tí wọ́n ń rò lórí iná. Lẹ́yìn èyí ni Tokushima yóò yọ, lórí erékùṣù Shikoku. Ibẹ̀ ni odò Yoshino ti ń ṣàn wọ inú òkun, etí odò náà sì ni àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin ẹ̀lú láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún wá.

Ọmọ Yorùbá tó bá débẹ̀ kò ní ṣàjèjì tán pátápátá, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo tó dàgbà sí ẹ̀yìnkùlé aláró. Lóòótọ́, ẹ̀lú tiwọn kì í ṣe igi tó ń fà mọ́ igi mìíràn bíi tilẹ̀ Yorùbá. Ewéko kékeré ni, kì í sábà ga ju ìbàdí ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n aró kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì. Ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Aizumi, wọ́n ti sọ agboolé ìdílé Okumura, tí wọ́n jẹ́ oníṣòwò ẹ̀lú pàtàkì láyé ọjọ́un, di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àlejò lè ri aṣọ ìnujú sínú aró níbẹ̀, kó fi ojú ara rẹ̀ rí bó ṣe ń kúrò ní àwọ̀ ewé tó ń di àwọ̀ ẹ̀lú bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i.

Nílẹ̀ Yorùbá, gígún ni wọ́n ń gún ewé ẹ̀lú, wọn a mọ ọ́n róbótó, wọn a sá a sóòrùn. Ní Tokushima, wọn a kó ewé gbígbẹ jọ gègèrè sínú ilé, wọn a máa bu omi sí i, wọn a sì máa yí i padà fún bí 100 ọjọ́. Òkìtì náà a máa gbóná fúnra rẹ̀, òórùn rẹ̀ a sì máa ta ni nímú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ohun tó bá kù nígbẹ̀yìn, tó dúdú bí ilẹ̀dú, ni wọ́n ń pè ní sukumo. Omi eérú ni wọ́n fi ń po ó nínú ìkòkò, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá aláró wa ti ń ṣe.

Odò Yoshino ló sọ wọ́n di alágbẹ̀ ẹ̀lú. Láyé àtijọ́, ọdọọdún ni ìjì máa ń jà tí odò náà a sì kún bo oko, kò sì sí ìrẹsì tó lè fara dà á. Ṣùgbọ́n kí ìkún omi tó dé ni wọ́n ti máa ń gé ẹ̀lú, ẹrẹ̀ tí odò bá sì gbé wá a di ajílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Bí ohun tó ń ba ti ẹlòmíràn jẹ́ ṣe sọ wọ́n di olówó nìyẹn, títí ilé-iṣẹ́ Jámánì kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró àtọwọ́dá lọ́dún 1897. Lẹ́yìn ìgbà náà ni oko ẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀lú kò parí sára aṣọ. Ní Ṣáínà, wọ́n máa ń rẹ ewé irú àwọn igi aró bẹ́ẹ̀ sínú omi, wọn a fi ẹfun sí i, wọn a pò ó títí yóò fi hó, wọn a wá kó ìfófòó rẹ̀ gbẹ, wọn a lọ̀ ọ́ di àtíkè. Qing dai ni wọ́n ń pè é, oògùn ìbílẹ̀ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn wọn ni. Oògùn yìí ló wọ Japan, tó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ìfun ńlá wọn ń dégbò, àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní ulcerative colitis.

Àìsàn tí ń dójú ti ènìyàn ni. Ẹ̀jẹ̀ ni aláìsàn náà ń yà, ó lè sáré lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà mẹ́wàá lójúmọ́, kì í sì í lè rìnrìn àjò láìkọ́kọ́ béèrè ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Kò mọ olówó, kò mọ olóyè. Shinzo Abe, olórí ìjọba Japan, bá a fínra láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Àìsàn yìí wà nínú ohun tó mú un fipò sílẹ̀ lọ́dún 2007, òun náà ló sì tún tìtorí rẹ̀ kéde ìfipòsílẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 2020, kí apànìyàn tó yìnbọn pa á lọ́dún 2022. Láàárín méjèèjì, oògùn òyìnbó kan tó dé Japan lọ́dún 2009 ló sọ pé ó gbé òun dìde. Ṣùgbọ́n oògùn òyìnbó kì í ṣiṣẹ́ lára gbogbo ènìyàn, ẹni tí omi bá sì ń gbé lọ kò ní kọ ewé.

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Keio ní Tokyo, lábẹ́ Makoto Naganuma àti Takanori Kanai, dán ẹ̀lú yìí wò lọ́dún 2016 lára aláìsàn 86. Àwọn kan gba ẹ̀lú, àwọn kan gba ohun tó jọ ọ́ tí kò ní oògùn kankan nínú, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tí òun ń lò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, nínú àwọn tó ń lo gíráàmù 2 lójúmọ́, nǹkan bí 81 nínú 100 ni ara wọn mókun. Nínú àwọn tí kò gba oògùn gidi, kò ju bí 14 nínú 100 lọ. Ohun tó wà nínú aró náà ló ń ta ìfun jí pé kó tún awọ ara rẹ̀ ṣe.

Ibi tí ayọ̀ dé nìyí tí ìròyìn búburú fi já wọlé. Ẹnì kan tí kò sí lára àwọn tí wọ́n ń dán an wò ti fúnra rẹ̀ ra ẹ̀lú, ó sì ti lò ó fún oṣù 6. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga nínú òpójẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn tó lè dá ọkàn dúró. Wọ́n dá ìdánwò náà dúró kí ó tó parí, ìjọba Japan sì kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Nígbà tí wọ́n wádìí káàkiri ilé ìwòsàn, wọ́n rí aláìsàn 877 tó ti lo ẹ̀lú. Ẹ̀dọ̀ àwọn 40 ti dàrú, àwọn 11 sì ní àìsàn òpójẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró yẹn.

Àwọn àgbà Yorùbá ní ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù. Ẹ̀lú jẹ́, kò sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀. Ibi tó ti jẹ́ gan-an ni ewu rẹ̀ ti yọjú, nítorí ohun tó bá ní agbára láti tún ara ṣe lè ní agbára láti bà á jẹ́.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò jìnnà sílé. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, jẹ̀dí-jẹ̀dí ni yóò pè é, ọ̀dọ̀ ìyá alágbo ni yóò sì gbà lọ. Ó lè jẹ́ jẹ̀dí lóòótọ́, ó lè jẹ́ ìgbẹ́ ọ̀rìn, ó lè jẹ́ ọgbẹ́ ìfun, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Àyẹ̀wò dókítà, bíi kó fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ wo inú ìfun, ló lè fi ìyàtọ̀ hàn. Bí ẹni náà bá ń mu àgbo, kó má fi pa mọ́ fún dókítà, kí wọ́n lè máa yẹ ẹ̀dọ̀ àti ọkàn rẹ̀ wò. Kí ẹnikẹ́ni má sì bu aró inú ìkòkò mu, nítorí omi eérú àti kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ ọn lóde òní kì í ṣe ohun àmusínú.

Ní Aizumi, àwọ̀ aró kì í tètè kúrò ní èékánná àwọn aláró. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìkòkò ti jinná tàbí kò tíì jinná, wọn kì í sì í kánjú ri aṣọ. Sùúrù kan náà ni ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀lú wo ìfun gbọ́dọ̀ ní.