Àmù àti Apọnmi

Ní ìgbà tí fìtílà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá ń ṣe bàìbàì ní òru, bátìrì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa dá ní ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àmù lásán ni bátìrì. Ọ́tánétọ̀ ni apọnmi. Bí apọnmi bá kú, àmù titun pẹ̀lú yóò gbẹ, owó a sì ṣòfò.

Ní ìgbà tí àìsàn yìí ṣe ọkọ̀ wa ní Yaba, èmi àti ọmọ mi fi mítà wọn bátìrì bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. Kò pé 12 fọ́ltì, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó súnmọ́ 14. Nítorí náà a ra ọ́tánétọ̀ tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, ní Mushin.

A kọ́kọ́ tú orí bátìrì tí ó ní àmì ìyọkúrò, nítorí iná kì í kúrò nínú wáyà ọ́tánétọ̀ bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn èyí ni a tú bẹ́líìtì, wáyà àti bóòtù; a de titun náà, a sì fa bẹ́líìtì le. Mítà fi 14 hàn.

Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ni ó fi hàn ní 1831 pé mágínẹ́ẹ̀tì tí ń rìn lẹ́bàá wáyà a máa bí iná.

Ẹ̀yin ará, kí a tó bá àmù wí, ẹ jẹ́ kí a bi apọnmi léèrè.