Owó Tí Mo Fi Ọṣẹ Ìfọyín Ná

Ọmọbìnrin kékeré kan ló tú àṣírí mi. Ọjọ́ àríyá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa ni, mo ṣì wà ní ọdún kejì nígbà náà. Wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti pidán kí wọ́n tó pín oúnjẹ. Mo mú owó fadákà kan sókè kí gbogbo ènìyàn rí i, mo pa ọwọ́ dé, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo la ọwọ́: owó ti pòórá. Mo wá ní kí ẹnì kan tó jókòó níwájú ṣí ife tí mo ti da ojú rẹ̀ dé orí tábìlì láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ ni ọmọ olùkọ́ wa kan gun orí àga, ó pariwo pé, "Kì í ṣe òun! Tẹ́lẹ̀ funfun, èyí dúdú!"

Òótọ́ ló sọ. Owó méjì ni mo ní. Ẹ̀yin onídán ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú pé mo tú àṣírí yìí. Ọmọ náà ti tú u kí n tó tú u.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ló fún mi ní owó méjèèjì. Ó ti rí mi tí mo ń fi ìdérí ìgò mínírà kọ́ idán, nítorí ta ló tún ń rí ẹyọ owó lọ́jà báyìí? Ó tú ìdì aṣọ kan, ó mú ẹyọ owó oníṣílè-méjì méjì jáde, ọ̀kan ti ọdún 1913, èkejì ti 1919. Orí Ọba George Karùn-ún wà ní ojú kan, pẹ̀lú adé àti irùngbọ̀n rẹ̀. Igi ọ̀pẹ wà ní ojú kejì. Ọdún 1913 ni irú owó yìí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Fadákà gidi ni wọ́n fi ṣe é lákọ̀ọ́kọ́, 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún, bàbà ló kún un. Láti 1920 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ dípò fadákà.

"Ìyá mi kò ná an nígbà tí ebi ń pa wá," Ìyá àgbà sọ fún mi. "Àkànní, ìwọ náà má ná an. Máa fi ṣeré."

Kò sí ohun tó dára fún idán ẹyọ owó bí irú owó yìí. Ó fẹ̀ tó 28 mílímítà, ó wúwo tó gíráàmù 11, ó sì jókòó dáadáa sínú àtẹ́lẹwọ́. Fadákà máa ń gba iná sára, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá yóò rí i. Àwọn onídán Amẹ́ríkà tó kọ́ṣẹ́ nínú ìwé Modern Coin Magic tí J. B. Bobo ṣe jáde ní 1952 fẹ́ràn owó ààbọ̀ dọ́là tiwọn fún irú ìdí kan náà. Títí di 1964, fadákà kó 90 nínú ọgọ́rùn-ún nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n fadákà ní ọ̀tá kan, ìyẹn imí ọjọ́. Fadákà kì í dógùn-ún bí irin. Dúdú ni í dú. Owó 1919 ni mo ń fi ṣe ìdánrawò lójoojúmọ́, ọwọ́ mi sì ń nù ún láìmọ̀. Ti 1913, èyí tó ń sá pamọ́ sábẹ́ ife, rọ́bà ni mo fi dì í, mo jù ú sísàlẹ̀ àpò ní gbogbo ìgbà ìsinmi. N kò mọ̀ pé wọ́n máa ń po imí ọjọ́ mọ́ rọ́bà kí ó lè lágbára. Nígbà tí mo tú u, ó dú bí ìdí ìkòkò. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa rí i.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ọmọ náà dójú tì mí, mo mú ọṣẹ ìfọyín àti kànrìnkàn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò, mo há owó náà títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ìfófòó rẹ̀ di dúdú, inú mi dùn. Mo rò pé ìdọ̀tí ló ń jáde. Fadákà ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, owó ń dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n ọba ti lọ, ara rẹ̀ sì kún fún ìlà wẹ́wẹ́. Ó tún wá funfun ju èkejì lọ. Mo gbé èkejì kí n há òun náà kí wọ́n lè bára mu, ni ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, di ọwọ́ mi mú.

"Ìdọ̀tí kọ́ ni dúdú yẹn," ó ní. "Fadákà náà ni, ó kàn so mọ́ imí ọjọ́ ni. Tí o bá há a, o há fadákà dànù pẹ̀lú rẹ̀. Jẹ́ ká gba imí ọjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ká gbé e fún ẹlòmíì."

Ó tẹ́ fọ́ìlì tí a fi ń se mọ́ínmọ́ín sínú abọ́, ó gbé owó lé e kí ara wọn kanra. Ó bu ṣíbí báàkìn sódà kan sí i, kì í ṣe báàkìn pọ́dà o. Sódà yìí, ìbátan káún ni. Ó fi iyọ̀ díẹ̀ kún un, ó da omi gbígbóná lé e. Ó hó, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ gba yàrá. Alumíníọ̀mù tó wà nínú fọ́ìlì ń gba imí ọjọ́, fadákà sì ń padà di ara rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó mú owó náà jáde, ó fi omi ṣàn án, ó fi síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti gbó nù ún. Irùngbọ̀n ọba pé síbẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. A sọ ti 1913 náà sínú omi ọ̀hún. Dúdú tó kù ní kọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lọ, àwọn ìlà kò lọ.

Nígbà Kérésìmesì, mo gbé owó méjèèjì fún Ìyá àgbà. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó fi àtàǹpàkò ra ọ̀kan, ó ra èkejì, ó padà sí àkọ́kọ́.

"Kí ló ṣe èyí?"

N kò lè purọ́ fún wọn. Mo ní, "Mo há a ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Wọ́n dákẹ́ títí. "Owó tí ìyá mi kò fi ra gàrí," wọ́n ní, "ìwọ fi ọṣẹ ìfọyín ná an." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi kò lè rín. Wọ́n so ti 1919 mọ́ ìṣẹ́tí ìró wọn, wọ́n dá ti 1913 padà fún mi. "Èyí ti di tìrẹ. Èyí ṣì jẹ́ ti ìyá mi."

Báyìí, owó kan ṣoṣo ni mo ní. Kò sí èkejì tó ń dúró dè mí lábẹ́ ife. Ọwọ́ mi ló gbọ́dọ̀ gbé e dé ibẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Oṣù méje ni mo fi kọ́ ọ. Aṣọ òwú ni mo ń dì í sí, n kì í jẹ́ kí rọ́bà sún mọ́ ọn, ọwọ́ mi sì ń kàn án lójoojúmọ́, nítorí náà kì í tètè dú. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú owó yìí nílé, ẹ má há a. Tí ẹ bá sì fẹ́ tà á fún àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ, ẹ má fọ̀ ọ́ rárá, nítorí fífọ̀ máa ń dín iye tí wọ́n máa rà á kù.

Níbi àríyá ti ọdún yìí, mo tún ṣe idán náà. Ọmọbìnrin yẹn tún wà níbẹ̀, ó ti ga sí i. Nígbà tí wọ́n ṣí ife, ó na ọwọ́ pé kí n gbé owó náà wá. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ idán, mo ti fún un mú, ó sì ti yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn. Ó yí i sábẹ́ iná, ó wo àwọn ìlà tí kànrìnkàn mi kọ sí i lára lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Òun náà ni," ó sọ, ó sì dá a padà fún mi.