Abẹ́rẹ́ Ló Kọ̀yìn Síṣẹ́, Wọ́n Ní Kí Wọ́n Ta Máṣíìnì Ìyá

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní àdúgbò Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, abẹ́rẹ́ máṣíìnì kán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kó tó di alẹ́ Ọjọ́rú, ìyá kan ti gbá ọmọ ẹ̀ létí, ó ti fẹ́ ta máṣíìnì tí ìyá tó bí i lọ́mọ fi sílẹ̀ fún un, búbà méjìlá tí àwọn olókùú fẹ́ wá gbà lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì sì wà nílẹ̀ bí ẹni tó ń sùn.

Máṣíìnì ọ̀hún kì í ṣe ọmọ àná. Singer dúdú ni, ẹlẹ́sẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní 15K. Lẹ́tà K yẹn dúró fún Kilbowie, ní ìlú Clydebank lórílẹ̀-èdè Scotland, níbi tí ilé iṣẹ́ Singer ti ń ṣe wọ́n kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa ní 1980. Màmá àgbà fi rán aṣọ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Owó ẹ̀ náà ló sì fi rán ọmọ mẹ́rin nílé ìwé. Ẹni tó bá rò pé torí wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ yẹn pa, irú máṣíìnì bẹ́ẹ̀ ti di irin àlòkù, ó ṣì í o. Butterfly tí àwọn ará Ṣáínà ń ṣe, tó kún ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀ wa, ara àwòrán ẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́. Bọ́bìnì ẹ̀ wà lọ́jà, ṣọ́tù ẹ̀ wà lọ́jà, abẹ́rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n kọ HA×1 tàbí 15×1 sára páálí ẹ̀ náà wà níbẹ̀, kò sì wọ́n.

Ọmọ ẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló ń bá ìyá ẹ̀ tẹ máṣíìnì lọ́jọ́ náà. Ìyá ti lọ sí Gbági. Nígbà tí ọmọ dé ibi ọrùn búbà, níbi tí aṣọ ti ki, ó fọwọ́ fa aṣọ díẹ̀ kó lè yá, abẹ́rẹ́ bá dún kẹ́ẹ́, ó kán sí méjì. Ọmọ ò bẹ̀rù. Ó mú òmíràn nínú páálí, ó tì í bọ ihò, ó dè é, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Àfi bí máṣíìnì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ó rán ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó fo mẹ́rin. Wọ́n fa òwú ẹ̀ báyìí, gbogbo ẹ̀ tú jáde wọ̀ọ̀.

Ìyá dé, ó rí i, ó kígbe. "Kí lo fi ṣe máṣíìnì ìyá mi?" Kọ́mọ tó dáhùn, ìgbájú ti bà á.

Lẹ́yìn èyí ni ìyá wá gba iṣẹ́ àtúnṣe sọ́wọ́ ara ẹ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ sì ti bàjẹ́. Ó dé tẹ́ńṣàn òkè pa títí òwú fi ń já. Nígbà tí ìyẹn ò ṣe é, ó tú u, ó wá mú sukudiráfà, ó yí súkúrù kékeré ara ṣọ́tù. Nígbà tó rí i pé máṣíìnì tún wúwo lẹ́sẹ̀, ó da òróró ẹ̀pà sí gbogbo ihò tó rí lára ẹ̀. Òróró tí wọ́n fi ń dín ẹyin o!

Nígbà tó di Ọjọ́rú, wọ́n pe ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tún máṣíìnì ṣe. Ó yí wíìlì lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí.

"Mọ̀mí, ti èyí ti tán. Wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e kúrò nílẹ̀, màá fún yín lówó díẹ̀, ẹ lè fi kún un, kẹ́ ẹ fi ra oníná tuntun."

Iye tó dá lé e ò lè ra àgbébọ̀ adìyẹ méjì. Bóyá kò mọ̀ ni, bóyá ó sì mọ̀ dáadáa, òun àti Ọlọ́run ẹ̀ ló yé. Àmọ́ òkú àwọn ẹlẹ́ṣọ ò lè dúró de ẹnikẹ́ni, ìyá náà sì ti rẹ̀. Ó ní kó padà wá láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Bàbá kan ń gbé lẹ́yìnkùlé wọn, télọ̀ àtijọ́ ni, ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Ẹkún ọmọ ló gbọ́ lálẹ́ tó fi fọ̀pá wálẹ̀ dé pálọ̀.

"Ìyàwó, kí lẹ fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò?"

"A ò fọwọ́ kan nǹkan kan, Bàbá. Ogbó ló gbó."

Ọmọ sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀: "Abẹ́rẹ́ ló kán, Bàbá. Èmi ni mo fi òmíràn sí i."

Bàbá ò béèrè nǹkan míì. Ó na ọwọ́, ó fi ìka fọwọ́ tọ́ abẹ́rẹ́ láti òkè, ó rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ kẹ̀yìn síṣẹ́.

Abẹ́rẹ́ máṣíìnì ò dà bíi ti ọwọ́. Orí ẹ̀ rí roboto lápá kan, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ lápá kejì. Apá pẹrẹsẹ yẹn ló gbọ́dọ̀ kọjú sí ìkọ́ tó ń yí nísàlẹ̀. Apá kejì, tí kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn wà, ni òwú ń gbà wọlé. Bí abẹ́rẹ́ bá sọ̀ kalẹ̀ tó fẹ́ máa gòkè padà, òwú máa ń yọ ojóbó kékeré kan lápá pẹrẹsẹ yẹn. Inú ojóbó yìí ni ìkọ́ ń wọ̀, á gbé e yí bọ́bìnì ká, òwú òkè àti ti ìsàlẹ̀ á sì kọ́ra. Bí abẹ́rẹ́ bá wá kẹ̀yìn, òdì kejì ni ojóbó máa yọ sí. Ìkọ́ á kọjá lófìfo, bí ẹni tó na ọwọ́ sẹ́ni tó ti yíjú. Irú máṣíìnì mìíràn wà tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ ń kọjú sápá ọ̀tún, òmíràn ń kọjú sápá òsì. Ibi tí ìkọ́ wà ni kẹ́ ẹ wò.

Bàbá ní kí ọmọ tú u, kó yí i padà, kó tì í sókè títí á fi kanlẹ̀ nínú ihò kó tó dè é. Ó tún bi í nọ́ńbà abẹ́rẹ́. Nọ́ńbà 11 ni, tí wọ́n ń fi rán aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọ́n fi 14 tó yẹ áńkárá sí i (bó bá jẹ́ aṣọ òkè ni, 16 ni wọn ì bá lò).

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kò fò mọ́. Àmọ́ òwú pọ̀ jọ sábẹ́ aṣọ bí ìtẹ́ ẹyẹ.

"Ta ló fọwọ́ kan ṣọ́tù?" Ìyá ò fọhùn.

Bàbá gba ṣọ́tù pẹ̀lú bọ́bìnì nínú, ó fi òwú ẹ̀ gbé e rọ̀. Ó já wálẹ̀ lọ́gán. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dè é, títí tó fi ń rọ̀ láìjábọ́, àfi bó bá ju ọwọ́ ló máa ń sọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní kí wọ́n yọ òwú òkè pátápátá, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ tó ń tẹ aṣọ sókè kí wọ́n tó tún un fà. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá wà nílẹ̀, tẳ́ńṣàn ti pa ẹnu dé, etí ẹ̀ lásán ni òwú máa jókòó sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí òwú bá ń pọ̀ jọ lábẹ́, òkè ló ti bàjẹ́, ìsàlẹ̀ sì làwọn èèyàn máa ń fìyà jẹ.

Ti òróró ẹ̀pà ló gba wọ́n lákòókò jù, torí bó bá ti pẹ́ díẹ̀, ńṣe ló máa ń di bí oje igi. Wọ́n pa àtùpà, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n kán kẹrosíìnì sí àwọn ihò, wọ́n ń yí wíìlì, wọ́n ń nù ún, àkísà mẹ́ta ló dúdú. Wọ́n tú irin pẹlẹbẹ orí eyín tó ń fa aṣọ, ìdọ̀tí òwú tó wà níbẹ̀ tó irun ológbò. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ló kó o jáde. Ìgbà náà ni wọ́n wá fi ojúlówó epo máṣíìnì sí i, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, àti ẹ̀kán kan níbi tí ìkọ́ ti ń yí. Wọ́n sì kọ́kọ́ rán àkísà, títí epo ò fi ràn mọ́ ọn mọ́.

Ó ti ń lọ sí aago mọ́kànlá òru. Ìyá bu oúnjẹ ọmọ ẹ̀, ó fi ẹran tiẹ̀ kún un, ó fi oríkì pè é kó wá jẹun. Ọmọ dáhùn.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọ̀dọ́kùnrin yẹn dé, òun àti ọmọ kan tó máa bá a gbé e. Búbà kẹsàn-án ni wọ́n bá wọn lórí ẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Mọ̀mí. Kí lẹ pààrọ̀ lára ẹ̀?"

"A ò pààrọ̀ nǹkan kan."

Ọmọbìnrin náà ò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn, bọ̀ọ̀dá," ẹsẹ̀ ẹ̀ ò sì kúrò lórí máṣíìnì. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn dúró díẹ̀, ó ń wo abẹ́rẹ́ bó ṣe ń lọ sókè sódò, lẹ́yìn náà ló fọwọ́ pe ọmọ tó mú wá, wọ́n bá tiwọn lọ.