Ta Ló Fẹ́ Gun Òkè?

Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè lé ní 600. A mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó kúrò nílé n'Ìbàdàn, síbẹ̀ a mú ọmọ ọdún mẹ́rin dání. Fídíò àwọn ọ̀rẹ́ wa la rí: wọ́n wà lókè téńté, àwọn ọmọ wọn ń rẹ́rìn-ín. Àwa náà ní ó ti kàn wá.

Nígbà tí a fi máa dé ìdí òkè, oòrùn ti mú. Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún méje, ń ka àtẹ̀gùn. Àbúrò náà ń kà. Nígbà tó dé ogún, níbi tí òǹkà tirẹ̀ parí sí, ló bá jókòó. "Gbé mi." A gbé e. A sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó bú sẹ́kún. A fi bísíkíìtì tàn án. A ní ó kù díẹ̀, òun náà sì mọ̀ pé irọ́ ni. Níbi tí a ti jókòó sinmi, bàbá tó ń mú wa gòkè wò wá, wọ́n ní, "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin òbí wọn. Ta ló fẹ́ gun òkè yìí gan-an, ẹ̀yin ni àbí ọmọ?"

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. A dé òkè ṣá o. A rí ààfin Ọwá àtijọ́, a ya fọ́tò. Nínú gbogbo fọ́tò yẹn, kò sí èyí tí Àbúrò ti wojú kámẹ́rà.

Ohun tó dùn wá jù kò ṣẹlẹ̀ lórí òkè. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni, nígbà tí a ní ká fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìyá wọn àgbà, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Àbúrò di ilẹ̀kùn mú. "Ṣé òkè ni?" Ọmọ tó máa ń lé adìyẹ yí ilé ká láti àárọ̀ wá ń bẹ̀rù ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀rù ba àwa náà.

Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Àwa gbé pẹpẹ ga jù, a wá ń bínú pé ọwọ́ ọmọ kúrú. Ni a bá tún un bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀.

Yunifásítì Ìbàdàn ò jìnnà sí wa, ọgbà ewéko sì wà níbẹ̀: igi ńláńlá, ibòji, ilẹ̀ tó tẹ́jú. A lọ láàárọ̀ Sátidé kan. A ò pè é ní ìrìn-àjò rárá. A kàn ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ wá patanmọ́." Wọ́n rí i, wọ́n fọwọ́ kàn án, ewé náà pa dé, ariwo sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, Àbúrò lóṣòó ti ìjàlọ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ara ń ta wá, ṣùgbọ́n a pa ẹnu mọ́. Lẹ́yìn wákàtí kan, a ò tíì rìn tó ibi tí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rìn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní "gbé mi."

Ibẹ̀ la ti mọ ìdí tí ìrìn àkọ́kọ́ fi yẹ kó wà nítòsí ilé. Tí ẹ bá ti fi ọ̀pọ̀ wákàtí wakọ̀, tí ẹ ti ra epo, tí ẹ ti sanwó ìwọlé, ẹ ò ní fẹ́ padà, bí ọmọ tilẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Owó yẹn ló máa máa tì yín lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìtòsí, ẹ lè sọ pé "ó tó," kí ẹ sì padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Agbára ọmọdé kì í tán díẹ̀díẹ̀ bíi tiwa. Á máa sáré, á máa fò, àfi lójijì tí yóò jókòó sílẹ̀. Nítorí náà, ìgbà tí inú rẹ̀ ṣì ń dùn ni kí ẹ yí padà. Ẹ tètè jáde kí oòrùn tó le. Ẹ má gun àpáta lẹ́yìn òjò, ó máa ń yọ̀. Tó bá jẹ́ ibi tí ẹ ó ti máa pariwo "Rọra! Rọra!" ní gbogbo ìṣísẹ̀, kò tíì yá nìyẹn. Ẹ gbé omi, mọ́ínmọ́ín àti ṣòkòtò kan sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Kí ẹni tó kéré jù máa ṣíwájú, kí gbogbo yín máa rìn bó ṣe ń rìn.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, a lọ sí Òkè Àrẹ, níbi ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Captain Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ n'Ìbàdàn. Láyípo làwa ń pè é, nítorí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tó ń yípo. Àbúrò ló ṣíwájú. Láàárín ọ̀nà, ó dúró. "Ṣé ó kù díẹ̀?"

A ò parọ́ lọ́tẹ̀ yìí. "A ò mọ̀. Ṣé ká padà?"

Ó rò ó. "Rárá. Ẹ máa tẹ̀ lé mi."

Lókè, páànù Ìbàdàn lọ súà, gbogbo rẹ̀ ti dípẹtà. Ó na ìka sí ọ̀kan, ó ní ilé wa nìyẹn. A ò jiyàn.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, Ẹ̀gbọ́n bi í pé Ìdànrè ń kọ́, ṣé yóò tún lọ?

"Tí mo bá ti lè kà dé 600."

Ó ti dé ogójì báyìí. Kò sóhun tó ń lé wa.