Rírán Ìfun

Ẹni tí ó pe taifọ́ọ̀dù ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun kò purọ́: ó dá ihò sí ìfun àbúrò mi ní Abẹ́òkúta. Dókítà gé ibi tí ó bàjẹ́, ó sì fi ìpele okùn kan ṣoṣo rán ojú méjèèjì pọ̀. Ìyá wa, tí ń rán àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ní Ìtòkú, bẹ̀ ẹ́ pé, “Dókítà, ẹ ò ṣe rán an ní ìpele méjì?”

Ó ní ìwádìí fi hàn pé ìpele kejì kì í fi bẹ́ẹ̀ dín jíjò kù, ó sì lè mú kí ojú ìfun há. Okùn àdìrẹ gbọ́dọ̀ fún kí aró má wọlé. Bí ti ìfun bá fún jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé etí rẹ̀, yóò sì kú. Ìdí nìyí tí “ìránpọ̀” kò fi tẹ́ mi lọ́rùn fún iṣẹ́ náà: okùn kàn ń dì í mú ni, ara ni ó ń so ara.

Ní ọjọ́ kẹrin, àbúrò mi só (ẹ foríjì mí). Ìyá wa pàtẹ́wọ́.